Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti: Ìyá Tí Ó Kọ́ Ẹ̀gbá Bí A Ti Í Béèrè Ìṣirò Lọ́wọ́ Aláṣẹ

Nínú àṣà Yorùbá, kò sí ẹni tí a fi ohun ìní ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣọ́ tí a kì í bi léèrè. Olórí èésú a máa ka owó lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Alájọ tí kò bá lè sọ iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí oṣù bá parí, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láàárín ọjà. Ẹni tí a bá lọ sí oko rẹ̀ ní ọjọ́ àáró, tí kò sì yọjú ní ọjọ́ tí ó kan ẹlòmíràn, kò ní rí ẹni bá a roko mọ́. Ọba pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọlá tí a fi jíǹkí rẹ̀, ní àwọn ìjòyè tí ń bá a wádìí ọ̀rọ̀ nínú ààfin. Ohun tí ó ń yani lẹ́nu ni pé a kò mú àṣà yìí wọ inú ìṣèlú òde òní. A lè yan ènìyàn kan sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, kí ó lo ọdún mẹ́rin, kí ó tún lo mẹ́rin mìíràn, kí ó di pé kò sí ẹni tí ń bá a du ipò náà mọ́, kí a má sì tíì bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni ó fi ipò náà ṣe.

Gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣùgbọ́n ó kan àwọn tí ń gbé ní Ẹ́sítéètì OPIC àti àyíká rẹ̀, ní Mowé, ní Ìbàfò àti ní ìhà Ifọ̀, ju ọ̀pọ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ti ibòmíràn wá kọ́lé sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Èkó ni ọ̀pọ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí wọ́n tó padà wálé. Ẹni tí ó bá ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ lè má mọ orúkọ ẹni tí ń ṣojú rẹ̀ ní Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta, kí ó sì máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí náà, ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ni obìnrin kan ti fi han gbogbo Nàìjíríà pé kò sí aláṣẹ tí ó pẹ́ lórí oyè débi pé a kò lè bi í léèrè mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì gbó.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni a bí i ní Abẹ́òkúta. Daniel Thomas ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ni Lucretia Ọmọ́yẹni. Ìdílé onígbàgbọ́ ni wọ́n, láti ìran àwọn tí a kó lẹ́rú lọ, tí wọ́n sì ti Sàró padà wá sí ilẹ̀ bàbá wọn. Frances Abigail ni wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Olúfúnmiláyọ̀ sì ni orúkọ tí wọ́n fún un nílé. Ní ọdún 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí a gbà wọlé sí Ilé Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1908 fún àwọn ọkùnrin. Ní 1919 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kàwé sí i, ó sì padà dé ní 1922. Nígbà tí ó dé, ó ti pa orúkọ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì tì. Olúfúnmiláyọ̀ ni ó ní kí a máa pe òun.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1925, ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, olùkọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ọkùnrin yìí ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1931, òun náà sì ni ọ̀gá àgbà Ilé Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta láti 1932 títí di 1954. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí: Dolupọ̀, Olikoye, Fẹlá àti Bẹ́kọ̀. Tọkọtaya náà jọ gbà pé kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni a ń kọ́. Àgbàlagbà pẹ̀lú lè mọ̀wé, ẹni tí ó bá sì mọ̀wé kò ní jẹ́ kí a fi ìwé yàn án jẹ.

Kí a tó sọ ohun tí ó ṣe, ó yẹ kí a wo bí ìlú Ẹ̀gbá ti rí kí ó tó dìde. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830, kì í ṣe ọba kan ṣoṣo ni ó ń pàṣẹ lé gbogbo wọn lórí. Aláké wà fún Ẹ̀gbá Aké, Ọ̀ṣilẹ̀ wà fún Òkè-Ọnà, Àgùrá wà fún Gbágùrá, Olówu sì wà fún Òwu. Lẹ́yìn àwọn ọba, àwọn Ògbóni ń ṣe ìdájọ́ àti ìlànà ìlú, àwọn Ológun ń rí sí ogun, àwọn Pàràkòyí ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò, àwọn obìnrin sì ní Ìyálóde tí ń gbé ẹnu wọn lọ síwájú ọba. Madam Ẹfúnróyè Tinúbú, tí a fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, kì í ṣe ẹni tí a lè fi ọ̀rọ̀ ìlú pamọ́ fún. Bí ọwọ́ kan bá fẹ́ wúwo jù, ọwọ́ mìíràn á dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe tò ó.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó tú ètò yìí ká. Ní 1914, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ti yìnbọn pa ènìyàn ní Ìjẹmọ̀, wọ́n gba òmìnira tí Ẹ̀gbá ti ń lò lábẹ́ Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá. Ní 1918, wọ́n fi owó orí lélẹ̀, ogun Adubi sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará oko. Wọ́n tú ojú irin ọkọ̀ rélùwéè, wọ́n sì gé wáyà ìjọba, kí àwọn sójà tó borí wọn. Lẹ́yìn náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi agbára gbogbo sọ́wọ́ Aláké gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo. Aláké Adémọ́lá Kejì, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1920, ni ó bá ètò yìí ṣàkóso. Àwọn Ògbóni kò ní ọ̀rọ̀ sọ bí ti àtijọ́ mọ́. Ìyálóde kò ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó yan aláṣẹ wà lókè òkun, ẹni tí ń san owó orí sì wà ní Ìtókò àti ní Lafẹ́nwá, wọn kò sì mọ ara wọn rí. Nítorí náà, kò sí ọ̀nà tí ẹni tí ń sanwó fi lè bi ẹni tí ń náwó léèrè. Ó lé ní ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ fi rí báyìí, tí àwọn ènìyàn sì fi gbà pé bí ayé ti rí nìyẹn.

Àwọn obìnrin ni ìyà rẹ̀ jẹ jù. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san owó orí lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin sì ti ń wọ inú rẹ̀ láti ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin kò ní san títí yóò fi di ọmọ ọdún 16. Àwọn agbowó orí a máa wọ ilé onílé, wọn a sì máa tú aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò ó bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tí ń sanwó. Ẹ̀yin àgbà mọ irú àbùkù tí èyí jẹ́ nínú ilẹ̀ wa. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, wọ́n ní ti ìjọba ni. Obìnrin tí ó fi owó tirẹ̀ ra ọjà a padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Ṣáájú àkókò yìí, ní àwọn ọdún 1930, Olúfúnmiláyọ̀ ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ìyàwó onígbàgbọ́ tí wọ́n kàwé. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ń sọ. Bí ìtàn ti wí, ní nǹkan bí 1944, obìnrin ọlọ́jà kan wá bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́ òun ní ìwé kíkà, kí òun lè máa ka ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀bẹ̀ kékeré yìí ni ó yí ìgbésí ayé Olúfúnmiláyọ̀ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé. Bí wọ́n ti ń kọ́ a, b, d, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn ohun tí ojú wọn ń rí lọ́wọ́ agbowó orí àti àwọn tí ń gba ìrẹsì. Ẹni tí ó rò pé òun ń kọ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì lọ bá àwọn òyìnbó aláṣẹ, nígbà tí wọn kò sì tètè dáhùn, ó jẹ́ kí ó jáde nínú ìwé ìròyìn. Kò pẹ́ tí ìgbà-kù-gbà ìrẹsì náà fi dúró.

Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo obìnrin, alákọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé, onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti onísìn ìbílẹ̀. Olúfúnmiláyọ̀ bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó wé gèlè bí àwọn ìyá ọjà. Ní gbangba, Yorùbá ni ó ń sọ, kódà bí ó bá ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀, kí òyìnbó wá ògbufọ̀ tirẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ń wá ni pé kí ìyá alátà tí ó dúró lẹ́yìn òun gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. A fojú bù ú pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà tó 20,000 nígbà tí ó gbilẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí a farabalẹ̀ wò nínú ìtàn yìí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń rántí ariwo, wọn kò rántí iṣẹ́ tí ó ṣáájú ariwo. Àwọn obìnrin náà kò fi èébú bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí aláṣẹ, wọ́n tún kọ òmíràn. Wọ́n rán àwọn aṣojú lọ sí ààfin. Wọ́n béèrè pé kí a yẹ ìwé owó ìlú wò, kí a mọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde. Wọ́n béèrè pé kí a mú owó orí kúrò lórí obìnrin níwọ̀n ìgbà tí kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná an. Wọn kò sì dúró lórí pé a kò fẹ́ nìkan. Wọ́n dábàá pé kí ìjọba gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń jèrè nínú ìlú. Ẹni tí ó bá fẹ́ bi aláṣẹ léèrè gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń béèrè, kí ó sì mọ ohun tí ó fẹ́ kí a fi rọ́pò rẹ̀.

Ní 1947, Olúfúnmiláyọ̀ bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí òfin ìlú. Òun nìkan ni obìnrin nínú wọn. Níbẹ̀ ni ó ti kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn kan pé ìjọba òyìnbó ni ó gba ipò tí àwọn obìnrin Yorùbá ní tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn aláṣẹ nílé lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìyálóde kò lè pè é ní irọ́.

Nígbà tí ó padà dé, tí ìwé ẹ̀bẹ̀ kò sì so èso, àwọn obìnrin jáde. Ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ ìwọ́de. Wọ́n ní àwọn kò wọ́de, pé àríyá ni àwọn ń lọ. Lábẹ́ orúkọ àríyá ni wọ́n fi ń kó ara wọn jọ. Olúfúnmiláyọ̀ kọ́ wọn ní ohun tí ènìyàn ń ṣe bí àwọn ọlọ́pàá bá ju tajútajú. Ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù kọkànlá ọdún 1947, ó ju 10,000 obìnrin lọ tí ó yí ààfin Aké ká, tí wọ́n sùn síbẹ̀, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń fi orin náà sọ ohun tí wọ́n ti fi ìwé sọ tí a kò gbọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, wọ́n tún padà lọ, wọn kò sì kúrò títí tí a fi tú àwọn obìnrin tí a ti mú sílẹ̀. Nígbà tí òyìnbó aláṣẹ kan sọ̀rọ̀ sí wọn bí ẹni ń bá ọmọdé wí, Olúfúnmiláyọ̀ bá a wí lójú gbogbo ènìyàn pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Nínú ìlú tí a ti mọ ohun tí ìyá jẹ́, ìbáwí náà wọlé ju òkúta lọ.

Ní 1948, a dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Àwọn Ògbóni pẹ̀lú, tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn tipẹ́, dìde. Kábíyèsí jáde kúrò ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 1949, ó fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. A tún ìgbìmọ̀ ìlú tò, obìnrin mẹ́rin sì wọ inú rẹ̀. Olúfúnmiláyọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ó yẹ kí a sọ ìyókù pẹ̀lú, nítorí pé ìtàn tí a gé láàárín kì í kọ́ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 1950, Aláké Adémọ́lá padà sí orí ìtẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí tí ó fi wàjà ní 1962. Àwọn kan ń rò pé ìpadàbọ̀ yìí sọ iṣẹ́ àwọn obìnrin di asán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtẹ́ kọ́ ni wọ́n bá jà, ìtẹ́ jẹ́ ti gbogbo Ẹ̀gbá. Àṣẹ tí kò ní olùbéèrè ni wọ́n bá jà, èyí kò sì bá ọba padà wá. Ọba tí ó padà ní 1950 bá ìgbìmọ̀ tí ń bi í léèrè pàdé, ó sì bá àwọn obìnrin tí wọ́n ti mọ ọ̀nà ààfin. Bí a bá yọ ènìyàn nìkan tí a kò tún ètò ṣe, ẹlòmíràn ni yóò jókòó sórí àga kan náà, tí yóò sì hu ìwà kan náà.

Lẹ́yìn èyí, Olúfúnmiláyọ̀ dojú kọ ọ̀rọ̀ ìbò. Ní 1949 ni ó dá ẹgbẹ́ obìnrin tí ó kárí Nàìjíríà sílẹ̀. Ohun tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé kí gbogbo àgbàlagbà, ọkùnrin àti obìnrin, máa fi ọwọ́ ara wọn dìbò yan ẹni tí ń ṣòfin fún wọn. Nígbà náà, ìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ ti ìpele-ìpele: ará ìlú yóò yan àwọn kan, àwọn wọ̀nyí ni yóò sì yan aṣòfin. Ní 1951, ó du ipò náà lábẹ́ NCNC, kò wọlé. Ó rí i pé ètò tí ó fi odi sáàárín olùdìbò àti aṣòfin ni ó dí òun lọ́nà. Aṣòfin tí ará ìlú kò yàn tààrà kò ní ka ará ìlú sí. Nígbà tí ìbò àpapọ̀ 1959 dé, tí obìnrin ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn ń dìbò bí ọkùnrin, ti Àríwá kò tíì láǹfààní yẹn. Ó tó 1979 kí àwọn obìnrin Àríwá tó dìbò yan ìjọba àpapọ̀.

Ìgbà ìbò 1959 náà ni ẹgbẹ́ NCNC kọ̀ láti fà á kalẹ̀. Inú bí i, ó dá dúró du ipò, ìbò pín sí méjì, ẹni tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fà kalẹ̀ sì wọlé. NCNC lé e jáde, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò sì pẹ́. Àwọn kan bù ú pé ó fi ìbínú ba ọbẹ̀ gbogbo ilé jẹ́. Àwọn mìíràn wí pé òun fúnra rẹ̀ pẹ́ jù lórí àga ààrẹ ẹgbẹ́ obìnrin, pé kò fi àyè sílẹ̀ kí ẹlòmíràn dìde. A kò sọ èyí láti tàbùkù òkú ọ̀run. A sọ ọ́ nítorí pé ẹni tí ń béèrè ìṣirò náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìbéèrè. Bí òfin náà bá tọ́ fún ọba àti fún aṣòfin, ó tọ́ fún olórí ẹgbẹ́ obìnrin, ó sì tọ́ fún alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò.

Ọkọ rẹ̀ ti kú ní 1955. Òun rìn káàkiri ayé nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin àti àlàáfíà. Nítorí pé ó dé ilẹ̀ Ṣáínà, ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe fún un. Síbẹ̀, ọlá kò fi í sílẹ̀: Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní 1968, Rọ́ṣíà sì fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní 1970. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya bo ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò gbádùn mọ́ títí tí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Abẹ́òkúta ni a sin ín sí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí wí fún ará Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀ lónìí? Àkọ́kọ́ ni pé agbára tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta fi oorun àti ẹ̀jẹ̀ wá, ìwé òfin ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi òdiwọ̀n sí iye ìgbà tí ènìyàn lè ṣe gómìnà, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Kò fi òdiwọ̀n kankan sí ti aṣòfin. Nítorí náà, kò sí ohun tí ó lè dí aṣòfin lọ́wọ́ àti pẹ́ lórí àga bí kò ṣe olùdìbò. Ìwé òfin kan náà sọ ní orí 109 pé aṣòfin ìpínlẹ̀ tí kò bá wá sí ìjókòó fún iye ọjọ́ tí ó ju ìdá mẹ́ta lọ nínú ọjọ́ ìpàdé ọdún kan, láìní ìdí tí ó tọ́, yóò pàdánù àga rẹ̀. Ní orí 110, ó ní bí ó bá ju ìdajì lọ nínú àwọn olùdìbò ẹkùn kan tí ó fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fọkàn tán aṣòfin wọn mọ́, àjọ elétò ìdìbò yóò ṣe ìbò láàárín 90 ọjọ́ láti mọ̀ bóyá kí a pè é padà wálé. Bẹ́ẹ̀ ni olùyẹ̀wé-owó ìpínlẹ̀ ń gbé ìròyìn ìnáwó ìjọba lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ náà. Ìbéèrè tí ó tọ́ láti bi aṣòfin ni pé kí ni ó ṣe nígbà tí ìròyìn náà dé iwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin láìsí ènìyàn dà bí ìlù tí kò ní onílù. Ní 2018, àwọn kan gbìyànjú láti pe aṣòfin àgbà ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Kogí padà. Orúkọ tí wọ́n kó jọ sínú ìwé pọ̀. Nígbà tí a ní kí àwọn tí ó fọwọ́ sí i jáde wá fi ara hàn, àwọn tí ó jáde kò pé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo olùdìbò ẹkùn náà. Ẹ fi èyí wé àwọn ìyá 10,000 tí wọ́n sùn sí ẹnu ọ̀nà Aké pẹ̀lú ara wọn. Orúkọ lórí ìwé kò tó. Bákan náà, ẹni tí ó ń gbé ní Mowé tí káàdì ìdìbò rẹ̀ ṣì wà ní Èkó kò sí nínú iye tí òfin ń kà. Aṣòfin rẹ̀ kò ní ìdí láti bẹ̀rù rẹ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ó gbé káàdì náà wá sí ibi tí ilé rẹ̀ wà.

Èkejì ni pé ohun tí a nílò kò jìnnà sí wa. Àwọn ẹgbẹ́ onílé àti ti ará àdúgbò mọ bí a ti ń bi akápò léèrè owó ọdẹ àti owó tí a dá fún ẹ̀rọ iná. Bí owó náà bá dín, gbogbo ìpàdé ni yóò gbóná. Ìrònú kan náà ni kí wọ́n gbé lọ bá aṣòfin: kí wọ́n pè é sí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún, kí wọ́n kọ ìbéèrè sílẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n bi í nípa àbá òfin tí ó gbé kalẹ̀ àti ohùn tí ó sọ nígbà tí a ń jíròrò owó ọ̀nà àti owó ilé ìwòsàn àgbègbè wọn, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Aṣòfin tí ó ti ṣiṣẹ́ yóò yọ̀ pé a bi òun. Aṣòfin tí kò bá wá, a ti rí ìdáhùn gbà.

Ní 1945, ìrẹsì tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ni ó la ojú wọn. Lónìí, ìrẹsì ni a ń pín ní àsìkò ìbò kí ojú wa má baà là. Ẹni tí ó bá gba àpò ìrẹsì kan fún ọdún mẹ́rin, tí kò sì béèrè ohun mìíràn, ti ta ìbéèrè rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kò jẹ́ kí a fi ẹ̀bùn dá òun lóhùn nígbà tí ìṣirò ni òun béèrè. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó tẹ̀ nígbà náà ni a kọ́lé sí lónìí. Ẹ jẹ́ kí a má ṣe gba ilẹ̀ náà láìgba àṣà rẹ̀ pẹ̀lú.